Ata ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ: bí a ṣe ń wá àṣìṣe drain àti checkpoint nínú gem5

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo gem5 ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti kọ ẹ̀yà tiyín kún un, tí ẹ wá rí i pé checkpoint tí ẹ jí padà kò ṣe bó ṣe yẹ kó ṣe. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, gem5 ni ètò tí a fi ń sín kọ̀ǹpútà jẹ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a lè mọ bí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tàbí cache (mẹ́mọ́rì kékeré tó yára, tó wà nítòsí CPU) tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Irú apá kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní ẹ̀yà. M5 ti Yunifásítì Michigan àti GEMS ti Wisconsin ni wọ́n pa pọ̀ tó di gem5, ìwé tó fi í hàn fáyé sì jáde ní 2011. Ó wúlò gan-an, àmọ́ kò mọ eré sá. Ohun tí kọ̀ǹpútà gidi ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè gbà á ní wákàtí púpọ̀.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí iná ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, checkpoint kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ínfátà kékeré tó wà ní yàrá mi ní Under-G kì í gbé láptọ́ọ̀pù ju wákàtí mẹ́ta lọ. Eré tí mo máa ń sá, ìyẹn ètò tí mo ń mú gem5 ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lè gba wákàtí mọ́kànlá. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Checkpoint tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá ojú ọ̀nà Ìlọrin o. Fódà kan ni, tí gem5 kọ ipò gbogbo ẹ̀yà sí, kí a lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Tí checkpoint bá jí tó ń ṣe ségesège, ibi tó ti jí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wò. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìgbà tí a ń tọ́jú rẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ̀yà kan ló sọ pé òun ti parí nígbà tí òun kò tíì parí. Ẹ̀yà yẹn ni a ń wá.

Kí ni drain gan-an?

Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà Tàkíé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ kan fẹ́ pa ẹ̀rọ torí pé ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ìyá tó ni ẹ̀rọ figbe ta: "Má pa á! Ata ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ ná." Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, Mà." Ó bu omi díẹ̀ sí i, ó fi igi ti èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ wọlé, ó dúró títí tí kò fi sí nǹkan kan tó ń já sínú abọ́ mọ́, kó tó pa á.

Drain nìyẹn. Kí gem5 tó kọ ohunkóhun sínú checkpoint, ó ń bi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé nǹkan ṣì wà lẹ́nu rẹ?" Ẹ̀yà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ á dáhùn pé Drained. Èyí tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ á dáhùn pé Draining, gem5 á sì jẹ́ kí àkókò máa lọ títí tí ẹ̀yà yẹn fi máa pe signalDrainDone. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti pè é, gem5 kì í gbà wọ́n gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Á tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti orí, torí pé ẹni tó ti parí lẹ́ẹ̀kan lè ti tún gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì parí. Àfi tí gbogbo wọn bá dáhùn Drained nínú ìbéèrè kan náà. Lẹ́yìn náà ni m5.checkpoint á pe memWriteback kí ohun tó dọ̀tí nínú cache (èyí tí a ti yí padà tí mẹ́mọ́rì kò tíì mọ̀) lè padà sí mẹ́mọ́rì, kó tó wá kọ fáìlì.

Nítorí náà, oríṣi ẹ̀yà onírọ́ méjì ló wà. Èkíní ò ní sọ láéláé pé òun ti parí; eré yín á dúró síbẹ̀. Èkejì á tètè sọ pé òun ti parí. Eré yín á lọ dáadáa, ìdáhùn rẹ̀ ni kò ní tọ́. Èkíní ṣàánú yín. Èkejì ló lè gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ yín, bó ṣe gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pèsè eré kékeré tó ń sọ òtítọ́

Ẹ lo gem5.opt tàbí gem5.debug. Ẹ má lo gem5.fast, torí pé wọ́n ti yọ DPRINTF (tó ń tẹ ìròyìn jáde) àti assert (tó ń dá eré dúró tí nǹkan kò bá rí bó ṣe yẹ) kúrò nínú rẹ̀. Ẹ lè kọ gbogbo flag (àmì tó ń tan ìròyìn) tó wà láyé sí i, kò ní sọ nǹkan kan.

Ẹ fi CPU sí timing (níbi tí ìbéèrè àti ìdáhùn ti ń gba àkókò), bíi TimingSimpleCPU. Ibí ni mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣìnà. A máa ń fi AtomicSimpleCPU tọ́jú checkpoint torí pé ó yára, ìyẹn sì dára fún iṣẹ́ gidi. Àmọ́ nínú atomic, ẹrù kankan kì í tò sórí ìlà: ìbéèrè lọ, ìdáhùn dé, lẹ́ẹ̀kan náà. Drain yín kò rí ohun tó máa gbẹ. Ẹ óò máa rò pé kóòdù yín dára, títí di ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ tọ́jú checkpoint láti inú timing.

Kí eré yín jẹ́ ètò kékeré tó ń tẹ nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde ní ìparí. Tèmi ń sọ mátíríìsì méjì di púpọ̀, á wá tẹ àpapọ̀ rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí mátíríìsì náà tóbi ju L2 (cache ìpele kejì) yín lọ, kí cache lè máa da nǹkan padà sí mẹ́mọ́rì nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ sá eré mẹ́ta

Eré A: ẹ sá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìdúró.

Eré B: ẹ dúró láàrin, ẹ tọ́jú checkpoint, kí ẹ sì máa bá eré kan náà lọ.

```python
m5.instantiate()
m5.simulate(400_000_000)
m5.checkpoint("m5out/cpt.ibi")
ev = m5.simulate()
print(ev.getCause())
```

Eré D: ẹ jí fódà yẹn padà pẹ̀lú m5.instantiate("m5out/cpt.ibi"), kí ẹ sá ìyókù. Tí ẹ bá fi tick, ẹyọ àkókò gem5, sílẹ̀ bí gem5 ṣe fi í, tick kan jẹ́ picosecond kan, nítorí náà 400,000,000 yẹn kò ju ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Nọ́ńbà tí ètò yín tẹ̀ jáde ni kí ẹ fi wéra, ẹ má wo iye tick. Tick á yàtọ̀: ìdúró B á jẹ́ kí ọ̀nà ṣófo fún ìgbà díẹ̀, cache D á sì tutù nígbà tó bá jí, torí pé cache tí kì í ṣe ti Ruby (ètò cache kejì tí gem5 ní) kì í tọ́jú ohun inú rẹ̀ sínú checkpoint. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe, ẹ má lépa rẹ̀.

Tí A bá tọ́ tí B kò tọ́ tàbí tó dúró, ìdúró fúnra rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́: ẹ wo drain àti drainResume (tó ń jí ẹ̀yà padà lẹ́yìn drain). Tí A àti B bá tọ́, tí D nìkan kò tọ́, nǹkan kan wà lọ́wọ́ ẹnìkan nígbà tí a ń kọ fáìlì, tí kò sì sí nínú fáìlì. Bóyá ó yẹ kó ti gbẹ, bóyá ó yẹ kí a ti kọ ọ́. B tọ́ torí pé ẹrù náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà, ó sì fi jíṣẹ́ nígbà tí eré ń bá a lọ. D kò rí ẹrù kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí gem5 dárúkọ wọn

```
build/ARM/gem5.opt --debug-flags=Drain \
  --debug-file=drain.txt --debug-start=399000000 \
  configs/onibode.py
```

configs/onibode.py ni fáìlì ètò tèmi, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Nínú m5out/drain.txt, ẹ óò rí ìlà bíi "Trying to drain ... objects", lẹ́yìn náà "Failed to drain", pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yà tó ṣì ní iṣẹ́, àti "Need another drain cycle". Ọ̀rọ̀ "Failed" yẹn máa ń dẹ́rù bani, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ̀yà tó ń sọ òtítọ́ pé òun kò tíì parí ló ń dárúkọ. Ẹni tó yẹ kí ẹ fura sí ni èyí tí orúkọ rẹ̀ kò jáde rí, bí ẹ ti ẹ̀ sá eré náà ní ìgbà ogún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tí eré bá dúró tí kò lọ mọ́

Ẹ wo orúkọ tó kẹ́yìn nínú drain.txt. Ẹ̀yà yẹn sọ pé Draining, kò sì pe signalDrainDone. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà méjì ni ìlà rẹ̀ lè gbà ṣófo, tí ẹ fi ìpè náà sí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi í sí ibi gbogbo tí iṣẹ́ ti lè tán. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ óò pè é lápèjù. Tí ẹ̀yà kò bá sí nínú Draining, ìpè náà kì í ṣe nǹkan kan.

Ìdí kejì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rò pé níwọ̀n ìgbà tí a ti ní kí ẹ̀yà gbẹ, kó ti ìlẹ̀kùn, kó má gba ẹrù mọ́. Rárá o! CPU tó wà lẹ́yìn yín ṣì ní ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ yín kọjá kí òun náà tó lè parí. Tí ẹ bá ti ìlẹ̀kùn, òun ń dúró dè yín, gem5 ń dúró dè é, ilẹ̀ á sì ṣú bá gbogbo yín níbẹ̀. Ẹ̀yà tó wà nínú Draining gbọ́dọ̀ máa gba ẹrù, kó máa fi ránṣẹ́.

Ctrl-C sábà máa ń kọ etí ikún nígbà yìí, torí pé ètò tó ń ṣe drain kì í gbọ́ ìdí ìdúró mìíràn yàtọ̀ sí "Finished drain". Ìdí yìí kan náà ni ìpè m5 exit (tí ètò inú eré fi ń ní kí gem5 dúró) tó bá bọ́ sí àárín drain fi lè sọnù. Ẹ ṣí tẹ́míná mìíràn, kí ẹ fi gdb -p (gdb ni ètò tí a fi ń wo inú ètò tó ń sáré) mú un, kí ẹ sì kọ:

```
call gem5::eventqDump()
```

Ohun gbogbo tó ṣì wà lórí ètò àkókò á jáde. Tí kò bá sí nǹkan kan tó kan ẹ̀yà yín níbẹ̀, tí ẹ̀yà náà sì ń sọ pé òun ṣì ní iṣẹ́, ẹnìkan ti gbàgbé láti pe ẹlòmíràn padà. Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń gba recvReqRetry, ìpè tó ń sọ pé kí ẹ tún ẹrù tí wọ́n kọ̀ rán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹni tó yára sọ pé òun ti parí

Mo kọ ẹ̀yà kan tí mo pè ní Onibode, tó ń dúró láàrin L2 àti mẹ́mọ́rì bí oníbodè ayé àtijọ́: ó ń dá packet (ẹrù ìbéèrè tàbí ìdáhùn) kọ̀ọ̀kan dúró fún àkókò díẹ̀, ó ń kà á, ó sì ń jẹ́ kó kọjá. Nọ́ńbà eré A àti B bára mu. Eré D mú nọ́ńbà mìíràn jáde. Tí mo bá sún ibi ìdúró síwájú díẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń tọ́. Mo sùn lé e, mo jí bá a, fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mi ò kọ drain rárá sínú Onibode. Ẹ̀yà gbogbo tó bá jogún SimObject (ìpìlẹ̀ tí àwọn ẹ̀yà gem5 ti ń jáde) ti ní drain kan láti ilé, ohun tí drain yẹn sì ń sọ ni Drained, nígbà gbogbo, láìwo ohunkóhun. Oníbodè mi ń parọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan.

Kí ló dé tí CPU kò fi dáàbò bo ẹrù náà? Tó bá jẹ́ pé CPU ló béèrè nǹkan, kò ní sọ pé òun ti parí títí ìdáhùn fi dé, ìyẹn á sì fún oníbodè láyè láti jíṣẹ́. Àmọ́ writeback, ìyẹn dídá dátà tó dọ̀tí padà sí mẹ́mọ́rì, kì í retí ìdáhùn. L2 ju ìlà dátà tó dọ̀tí sí oníbodè lọ́wọ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọ pé òun ti parí, òtítọ́ ló sì sọ. Mẹ́mọ́rì kò tíì rí i. Oníbodè ló dì í mú, oníbodè sì sọ pé ọwọ́ òun ṣófo. A kọ fáìlì. Nígbà tí eré jí, dátà náà kò sí nínú L2, kò sí nínú mẹ́mọ́rì. Ètò ka iye àtijọ́, ó fi ṣírò, ó tẹ nọ́ńbà èké jáde pẹ̀lú ìgboyà.

Àtúnṣe rẹ̀ kúrú:

```cpp
DrainState
Onibode::drain()
{
    if (ila.empty() && lojuOna == 0)
        return DrainState::Drained;

    DPRINTF(Drain, "%d ninu ila, %d loju ona\n",
            ila.size(), lojuOna);
    return DrainState::Draining;
}

void
Onibode::woBoyaOTan()
{
    if (drainState() == DrainState::Draining &&
        ila.empty() && lojuOna == 0)
        signalDrainDone();
}
```

Mo ń pe woBoyaOTan ní ibi méjì: lẹ́yìn tí ẹrù bá ti kúrò lórí ìlà, àti lẹ́yìn tí ìdáhùn bá ti kọjá padà sí L2. lojuOna ń ka àwọn tó ti kọjá síwájú tí ìdáhùn wọn kò tíì dé. Writeback kò sí nínú wọn, torí pé kò ní ìdáhùn, ẹni tó bá sì kà á mọ́ wọn á padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹrù tí mẹ́mọ́rì kọ̀ tó ń dúró de retry gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí ìlà: ẹ má yọ ọ́ kí sendTimingReq tó dáhùn pé ó gbà á.

Tí ẹ kò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yìí, ẹ lo QueuedRequestPort àti QueuedResponsePort, ẹnu ọ̀nà tó ti ní ìlà tirẹ̀. PacketQueue inú wọn mọ bí a ṣe ń gbẹ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka m5.cpt fúnra yín

Fáìlì tó wà nínú fódà checkpoint ni, ojú sì lè kà á. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá [system.onibode]. Ẹ gbé kóòdù yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín nípa ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀yà yín ń rántí: ṣé ó wà níbí? Tí kò bá sí, ṣé a lè tún un ṣírò láti inú ohun tó wà? Tí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ rárá, ó yẹ kí SERIALIZE_SCALAR tàbí SERIALIZE_CONTAINER (tó ń kọ nǹkan sínú checkpoint; UNSERIALIZE ló ń kà á padà) wà fún un. Iye ẹrù tí oníbodè mi ti kà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìlà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí pé ó ti gbẹ. Mo fi assert pé ila ṣófo sí ìbẹ̀rẹ̀ serialize. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ì bá gbà mí. Mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì .pmem lọ́tọ̀, gzip ni wọ́n fi dì í.

Tí gem5 bá sọ pé "Can't unserialize", pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yà àti orúkọ nǹkan, ẹ yọ̀. Ó ti fi ìka tọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ yí orúkọ ẹ̀yà padà nínú Python, tàbí pé ẹ kọ UNSERIALIZE sí ohun tí ẹ kò SERIALIZE.

Ìgbésẹ̀ keje: event tí kò yẹ kó tán

Drain kì í pa aago. Tí ẹ̀yà yín bá ní event (iṣẹ́ tí a fi sí àkókò kan) tó ń padà wá lóòrèkóòrè, gem5 kì í bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọ when rẹ̀ (àkókò tó máa ṣẹlẹ̀) sínú checkpoint, kí ẹ tún un gbé kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kà á padà. Event àkọ́kọ́, inú startup ni kí ẹ ti gbé e kalẹ̀, kì í ṣe inú constructor. Nínú constructor, curTick (àkókò inú eré) ṣì jẹ́ òdo. Inú startup, checkpoint ti dá a padà sí iye tó yẹ. Startup náà á tún sáré lẹ́yìn tí checkpoint bá jí, nítorí náà ẹ wò ó bóyá event náà ti wà ní scheduled kí ẹ má gbé e kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Cache

Tí ẹ bá rí ìkìlọ̀ pé "The cache still contains dirty data", ẹ pa fódà yẹn rẹ́. Kò lè jí. Àwọn tó ń pe serializeAll (tó ń kọ fáìlì) fúnra wọn láìgba ọ̀dọ̀ m5.checkpoint ló sábà máa ń rí i. Ọ̀rọ̀ Ruby yàtọ̀ pátápátá: ọwọ́ protocol (òfin tí àwọn cache fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) ló wà bóyá a lè da ohun inú cache padà, MOESI_hammer sì ni wọ́n ti ń lò fún ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ fi ìdúró dà á láàmú

Ìdúró kan ṣoṣo kò fi nǹkan kan hàn. Ẹ dá a dúró níbi tí kò retí, lọ́pọ̀ ìgbà:

```python
import random
random.seed(7)
for i in range(2000):
    ev = m5.simulate(random.randint(1000, 5_000_000))
    if ev.getCause() != "simulate() limit reached":
        print(i, ev.getCause())
        break
    m5.drain()
```

m5.simulate tó tẹ̀ lé e á jí wọn padà fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ for yìí di while True, torí ohun tí mo sọ lókè: tí ètò yín bá parí ní àárín drain, ìròyìn ìparí rẹ̀ lè sọnù, ẹ óò sì máa yí po títí iná fi máa lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi m5.checkpoint rọ́pò m5.drain fún bí ogún ìgbà, fódà ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jí gbogbo wọn, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹ yẹ àyè inú dísíìkì wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá wá fi nǹkan tuntun kún ẹ̀yà yín lẹ́yìn tí ẹ ti ní checkpoint tí kò ṣe é sọ nù, ẹ fi UNSERIALIZE_OPT_SCALAR kà á. Checkpoint àtijọ́ á jí pẹ̀lú ìkìlọ̀ nìkan, nǹkan tuntun náà á sì di iye tí ẹ fún un nínú constructor mú. Tó bá jẹ́ gem5 fúnra rẹ̀ ni ẹ gbé sí ẹ̀dà tuntun, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì náà kọ síbòmíràn kí ẹ tó sá util/cpt_upgrader.py lé e lórí.